Ṣé kí n ta Prius mi nítorí yìnyín?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Chicago ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, alẹ́ ni mo sì máa ń wọṣẹ́. Prius 2012, ọkọ̀ hybrid tí Toyota ṣe, ni mò ń wà. Nígbà òtútù tó kọjá, ọkọ̀ náà kọ̀, kò gun òkè kékeré tó wà lẹ́nu ibi ìgbọ́kọ̀sí wa. Mo ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ, iná pupa rúsúrúsú kan ló kàn ń ṣẹ́jú níwájú mi. Epo tó ń mu náà tún pọ̀ sí i. Bàbá àwọn ọmọ mi ní hybrid kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ yìnyín, pé kí n tà á, kí n yá owó fi ra jíìpù all-wheel drive. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé, arábìnrin mi. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe ní ìlú yìí, ó sì ti pẹ́. Tí November bá ti wọlé báyìí, irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù kì í ṣe kékeré: ẹni tó ń jáde lálẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tó dá a lójú pé yóò gbé òun débẹ̀, yóò sì gbé òun padà sílé. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lọ tọwọ́ bọ gbèsè ọlọ́dún gbọọrọ, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: ibi tí ọkọ̀ ti ń rí agbára, táyà tí agbára yẹn ń lọ bá, àti bí táyà náà ṣe ń di ilẹ̀ mú. Nídìí ìkẹta yìí ni mo rò pé ìṣòro ọkọ̀ yín wà, òun gan-an sì ni ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún yín.

Hybrid àti all-wheel drive kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Hybrid ni ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì elépo àti ẹ̀rọ oníná tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì ńlá kan sì ń tọ́jú iná tí ọkọ̀ ń rí kó jọ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. All-wheel drive ní tiẹ̀ kò bá ibi tí agbára ti ń wá ṣe. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó pín in dé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ̀ kan lè jẹ́ ọ̀kan kó má jẹ́ èkejì, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. RAV4 Hybrid, jíìpù Toyota tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ 2016, méjèèjì ló jẹ́. Prius pàápàá ti ní èyí tó jẹ́ all-wheel níbí láti ọkọ̀ 2019. Tiyín, ti 2012, táyà iwájú méjèèjì nìkan ló ń fà á, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lára àwọn Corolla tí àwọn èèyàn wa ń wà káàkiri South Side ní January, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ tà á. Tí bàbá àwọn ọmọ bá fẹ́ dá ọkọ̀ yín lẹ́jọ́, Corolla ni kí wọ́n fi wé. Kò sì burú rárá pé iwájú ni wọ́n ti ń fà á: ẹ́ńjìnnì wà lórí táyà méjèèjì tó ń fa ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ rí ilẹ̀ dì mú.

Àhesọ pé hybrid kì í rin yìnyín ní ibi tó ti wá o. Prius tó jáde ní 2004, bí táyà iwájú rẹ̀ bá ti yọ̀ díẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á gé agbára ọkọ̀ kúrò débi pé kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ku nǹkan kan. Àwọn tó wà á nígbà náà ráhùn gidi pé àwọn kàn ń jókòó sísàlẹ̀ òkè ni, ọkọ̀ kò sì ní mira. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ oníná kì í dúró de jíà kó tó lo ipá rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ ọkọ̀, gbogbo agbára ti dé orí táyà. Táyà tó ń yí bìrìbìrì lórí omi dídì, tó wá ṣàdédé kan ilẹ̀ gbígbẹ, ìjà ńlá ló máa dá sílẹ̀ láàárín irin inú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì fẹ́ dáàbò bò ó. Wọ́n ti tún un ṣe nínú àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, tiyín náà kò sì le tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló ń tẹ̀ lé. Iná tẹ́ ẹ rí yẹn, bó bá ní àwòrán ọkọ̀ àti ìlà wọ́rọkọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé táyà ń yọ̀ àti pé kọ̀ǹpútà ń dín agbára kù kí táyà lè rí ilẹ̀ dì mú. Kì í ṣe àmì pé ọkọ̀ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo táyà ọ̀hún.

Táyà tí wọ́n máa ń fi sára ọkọ̀ tuntun níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní all-season, rọ́bà rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í le bí ojú ọjọ́ bá ti tutù dé nǹkan bíi dígíríì 45 ní Fahrenheit, ìyẹn 7 ní Celsius. Bí òtútù bá ṣe ń mú sí i ni yóò máa le sí i, tí kò sì ní fẹ́ rọ̀ mọ́ ojú títì mọ́. Ti hybrid tún le díẹ̀ ju ti ọkọ̀ yòókù lọ, nítorí pé àwọn tó ṣe é fẹ́ kí gálọ́ọ̀nù kan gbé e jìnnà, wọ́n sì yan táyà tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú títì. Ohun tó ń dín owó epo yín kù ní July ló ń yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ní January. Táyà ìgbà òtútù yàtọ̀ sí i. Rọ́bà tiẹ̀ kì í le nínú òtútù, wọ́n sì la ojú rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lọ súà, kó lè máa já yìnyín mú. Ẹni tó wọ sílípáàsì tó ti jẹ lábẹ́ sórí ilẹ̀ amọ̀ lẹ́yìn òjò, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára tó, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Bàtà ló yẹ kó pààrọ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ mú owó quarter kan, ìyẹn owó ẹyọ sẹ́ńtì 25 tí àwòrán orí Washington wà lára rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kẹ́ ẹ tì í bọ inú ihò ojú táyà. Bí ẹ bá ń rí ṣóńṣó orí Washington, ojú táyà yẹn kò tó 4/32 ìńṣì mọ́. Òfin lè gbà kẹ́ ẹ máa wà á títí yóò fi dé 2/32, ṣùgbọ́n fún yìnyín, ó ti jẹ kọjá ibi tó yẹ. Ẹ fi owó náà wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ sì wò ó láàárín àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí ti iwájú máa ń jẹ ṣáájú lára irú ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara táyà níta. M+S (mud and snow, ẹrẹ̀ àti yìnyín) tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ kò tó. Ọ̀pọ̀ táyà all-season ló ní in. Àmì tẹ́ ẹ ń wá ni àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ yìnyín kan wà nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló fi hàn pé wọ́n dán táyà náà wò lórí yìnyín, ó sì yege. Ní Quebec lọ́dọ̀ àwọn ará Canada, òfin ni kí ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ wọ táyà ìgbà òtútù láti December 1 sí March 15. Òfin ọ̀hún kò sì sọ pé kí àwọn tó ní all-wheel drive lọ láìwọ̀ ọ́.

N kò ní pé all-wheel drive kò dáa. Bó bá di ká kúrò lójú kan, ká gun òkè, ká jáde níbi tí ọkọ̀ ìkóyìnyín ti da òkìtì dí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ju tiyín lọ, kò sì sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n lílọ nìkan ló wà fún. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì, tiyín pẹ̀lú, ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà, tó bá di ká dúró, kò sí ohun tí jíìpù ní tí ẹ̀yin kò ní. Bó bá di ká ya kọ́nà, táyà náà ni. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù: all-wheel máa ń fi ilẹ̀ tó ń yọ̀ pa mọ́ fún ẹni tó ń wà á. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bíi tiyín, láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé ilẹ̀ kò dáa, á sì rọra. Ẹni tó wà nínú jíìpù á gbéra fìrì, á bọ́ sí máìlì 40, ìgbà tó bá tẹ bíréèkì lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíì ló tó mọ̀. Bí ìsáré bá sì ti 20 di 40, ibi tí ọkọ̀ máa yọ̀ dé kó tó dúró á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ jíìpù ni mo ti tún iwájú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọjọ́ yìnyín, tí ẹni tó ni ín sì ń sọ fún mi pé, "Ṣebí all-wheel ni?"

Ní ti epo, ẹ kò ṣìró, ó ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́ ẹ bá dúró de iná títì, ẹ́ńjìnnì á kú jẹ́ẹ́. Nígbà òtútù, inú omi gbígbóná tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká ni hítà yín ti ń fa ooru. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú pẹ́, atẹ́gùn tútù lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Kọ̀ǹpútà á wá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Bátìrì ńlá náà, tí òtútù bá mú un, kì í fẹ́ gba iná wọlé dáadáa, kì í sì fẹ́ tú u jáde, débi pé èyí tí bíréèkì yẹ kó dá padà fún yín á dín kù. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára gbé ìṣirò jáde: bí ojú ọjọ́ bá ti 77 já wá sí 20 ní Fahrenheit, ọkọ̀ elépo lásán máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìlú, ó sì lè dé 24 bí ìrìn kò bá ju máìlì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ti hybrid máa ń tó 30 sí 34. Èyí túmọ̀ sí pé Prius yín, tí ìwé rẹ̀ pè ní máìlì 50 sí gálọ́ọ̀nù kan, lè máa ṣe 33 sí 35. Ó dun èèyàn, àmọ́ ọ̀pọ̀ jíìpù ni kò lè ṣe iye yẹn nígbà tí oòrùn ń ràn. Láti ọkọ̀ 2010 ni wọ́n ti fi nǹkan kan sára sáléńsà Prius tó ń gba ooru inú èéfín padà fún omi ẹ́ńjìnnì, tiyín náà ní in. Ẹ ràn án lọ́wọ́: ẹ má tẹ hítà dé òpin bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì kó ìrìn kéékèèké pọ̀ mọ́ ẹyọ kan, torí ìrìn kúkúrú ló ń jẹ epo yín jù.

Bíréèkì hybrid ní ìwà kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kó má bàa já yín láyà. Tẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ oníná ló ń kọ́kọ́ fa ọkọ̀ sẹ́yìn, tó ń fi ìyẹn kó iná jọ. Bí táyà bá yọ̀ lásìkò yẹn, kọ̀ǹpútà á já ẹ̀rọ náà sílẹ̀, á gbé iṣẹ́ fún bíréèkì irin, láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló máa dà bíi pé ọkọ̀ fẹ́ sá lọ. Ní February 2010, Toyota pe àwọn Prius ọkọ̀ 2010 padà láti tún ètò kọ̀ǹpútà bíréèkì wọn ṣe nítorí irú ìráhùn yìí. Tiyín kò sí lára wọn. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má yọ ẹsẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Bó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Kó má tilẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ fi àyè gidi sílẹ̀ láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú, pàápàá lórí afárá, torí atẹ́gùn tútù ń gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi sì máa ń dì níbẹ̀ kó tó dì lójú títì yòókù.

Bátìrì kékeré, ti 12-volt, ni ohun tó máa ń dá hybrid dúró láàárọ̀ òtútù. Bátìrì ńlá ló ń jí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ kirikirikiri tí ọkọ̀ elépo máa ń ké. Ṣùgbọ́n kékeré ló ń jí kọ̀ǹpútà, bí kọ̀ǹpútà kò bá sì jí, kò sẹ́ni tó máa pe bátìrì ńlá síṣẹ́. Ní January 30, 2019, nígbà tí òtútù já dé dígíríì 23 lábẹ́ òdo ní Fahrenheit ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, irú iṣẹ́ yìí pọ̀. Nínú Prius yín, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló wà, níbi ẹrù, bó bá sì kú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní ṣí fún yín. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú àpótí fíúùsì, ni irin olómorí pupa wà tí wọ́n ti ń fún un níná. Kí ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ má ṣi wáyà mú o, torí ìyẹn lè jó ẹ̀rọ olówó gọbọi. Bí bátìrì náà bá ti ń lé ní ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ẹ ní kí wọ́n dán an wò kí òtútù tó dé. Ohun kan wà tó tún ju èyí lọ, ẹ jọ̀wọ́: bẹ́ ẹ bá há sínú yìnyín, kẹ́ ẹ tó jókòó tan hítà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wa yìnyín kúrò lẹ́nu sáléńsà. Ẹ́ńjìnnì hybrid máa ń tàn, á tún kú fúnra rẹ̀ láìpariwo. Bí ẹnu sáléńsà bá dí, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín tí kò lóòórùn, lè padà sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀.

Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ ìgbà tí màá ní kẹ́ ẹ ra all-wheel. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà ní òkè gígùn, tàbí pé àdúgbò yín ni wọ́n máa ń kó yìnyín rẹ̀ kẹ́yìn, tí ilé ìwòsàn kò sì ní gba àwáwí, owó yẹn ní ìdí. Gíga ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì: abẹ́ Prius kò fi púpọ̀ ju ìńṣì 5 lọ sílẹ̀, ti RAV4 láti 2019 sì tó nǹkan bí 8. Bí yìnyín bá ti kan abẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á gùn ún lé, táyà kò sì ní rílẹ̀ tẹ̀. Ibẹ̀ ni táyà ìgbà òtútù pin sí. Gíga náà ní òpin tiẹ̀: ní February 2011, nígbà tí yìnyín tó lé ní ìńṣì 20 bo Chicago, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló há sórí Lake Shore Drive mọ́jú. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ ti sọ fún ibi iṣẹ́ ṣáájú pé ẹ máa sùn síbẹ̀ ló dáa jù.

Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ kò ní láti sá fún hybrid. RAV4 Hybrid kò ní ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ oníná kan ló wà lẹ́yìn tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Prius all-wheel ti 2019 náà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ kò lágbára, kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bẹ́ ẹ bá ti kọjá nǹkan bíi máìlì 43 ní wákàtí. Gbígbéra ló wà fún. Epo tó fi ń ṣòfò kò tó nǹkan: máìlì 50 ló ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan, èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà sì ń rin 52. CR-V Hybrid all-wheel ti Honda ní tiẹ̀ ní ọ̀pá irin gidi. Bó bá jẹ́ RAV4 Hybrid tokunbọ̀ láti 2019 sókè lẹ rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n wo ojú ibi tí wáyà iná ńlá ti wọnú ẹ̀rọ ẹ̀yìn, torí iyọ̀ ojú títì ti jẹ ti ọ̀pọ̀ níbẹ̀, Toyota sì ti fi kún àkókò àtìlẹ́yìn wọn lórí rẹ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ ṣì máa ra táyà ìgbà òtútù fún un.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin rèé. N kò tíì fojú rí ọkọ̀ yín, n kò sì lè ti inú lẹ́tà dán bátìrì rẹ̀ wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ hybrid yẹ bátìrì méjèèjì wò kẹ́ ẹ tó náwó sórí rẹ̀. Bó bá dáa, ẹ ra táyà ìgbà òtútù mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ Prius irú tiyín, 195/65R15 ni wọ́n ń wọ̀, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n; ẹ wo ara tiyín kó dá yín lójú. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà méjì fún yín pé iwájú nìkan ló ń fà: bí iwájú bá di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn kò mú un, kọ́nà àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn á ti fẹ́ ṣíwájú yín. Bí owó bá wà, ẹ ra rímù mẹ́rin mọ́ ọn, kí pípààrọ̀ rẹ̀ lè yá. Ẹ máa wọn atẹ́gùn inú rẹ̀, torí bí òtútù bá ṣe ń fi dígíríì 10 ní Fahrenheit mú sí i ni psi kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà, ń lọ. Ẹ wọ̀ ọ́ nínú November, ẹ bọ́ ọ ní April, torí rọ́bà rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ lójú títì gbígbóná. Bẹ́ ẹ bá wá dé ìsàlẹ̀ òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi àyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè ti ìsàlẹ̀ bá a bọ̀ láìdúró, kẹ́ ẹ sì rọra tẹ ọkọ̀. Tó bá tún kọ̀ lórí táyà tuntun, ẹ ya fọ́tò gbogbo iná tó tàn níwájú yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.